Mò ń kan Game Boy ìlọ́po márùn-ún láti inú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù (ẹrù tó ti bàjẹ́), ẹ bá mi dá sí i (Ògbómọ̀ṣọ́)

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsinmi. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe kò jìnnà sí Tákìe, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ kan ti gbà mí lọ́kàn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó gbé ayùn lé pákó.

Òkú Game Boy kan, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé, wà lọ́wọ́ mi, èyí àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Japan lóṣù kẹrin ọdún 1989. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Wọ́n gbàgbé bátìrì mẹ́rin sínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, omi bátìrì sì ti jẹ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ pé. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 90, gígùn rẹ̀ 148, nínípọn rẹ̀ 32. Ojú tí àwòrán ti ń hàn jẹ́ 47 ní ìbú, 43 ní òró.

Mo tún ní mọ́nítọ̀ ínǹṣì 15 mẹ́rin, tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó pa ilé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Àwọn ti àtijọ́ tí kò gùn gbọọrọ ni, oní 1024 × 768. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí n kàn kó ojú ńlá kan sínú àpótí ńlá kan, kí n kùn ún, ó parí. Ìṣirò ló yí mi lérò padà.

Píkísẹ́lì, ìyẹn àmì tíntìntín tí àwòrán fi ń hàn, 160 ni Game Boy ní ní ìbú, 144 ní òró. Tí mo bá fi márùn-ún márùn-ún rọ́pò ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 800 × 720 ni yóò jẹ́, yóò sì wọ inú 1024 × 768 wẹ́kú láìsí pé a gé ẹyọ kankan sí méjì. Mo tan àwòrán 800 × 720 sórí mọ́nítọ̀, mo gbé rúlà lé e: mílímítà 238 sí 214. Mo padà sídìí òkú Game Boy, mo fi márùn-ún sọ 47 àti 43 di púpọ̀: 235 sí 215.

Ẹ̀yin ará, mo dìde dúró ni. Píkísẹ́lì Game Boy ọdún 1989 àti píkísẹ́lì mọ́nítọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sí èyí tó kọjá nǹkan bí 0.3 mílímítà nínú wọn. Torí náà mi ò ní yan iye kankan fúnra mi. Mọ́nítọ̀ ti yàn án: márùn-ún. Àpótí yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 sí 74, nínípọn 16, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan náà yóò sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún gẹ́lẹ́. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun lára rẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí iye yẹn.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni iná, torí mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná ìjọba. Lẹ́yìn ìyẹn, báwo ni bọ́tìnì tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń wọlẹ̀ kó tún gòkè padà?

Ajílété77 · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Game Boy là ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa ni bíríkì géèmù tí wọ́n kọ 9999 in 1 sí lára, oní bátìrì méjì. Ṣé kò ní rọrùn kí ẹ ṣe ìyẹn? Ilé mẹ́wàá ní ìbú, ogún ní òró, gílóòbù LED 200 péré, ó parí.

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Ó dára, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n géèmù kan ṣoṣo ni màá lè kọ sórí 200 gílóòbù, ká tún sọ pé mo mọ̀ ọ́n kọ. Tìyẹn ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

BàbáRédíò · Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú làákàyè. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí nǹkan méjì tí kò mọ ara wọn rí bá ara mu báyìí.

Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná. Yí mọ́nítọ̀ yẹn padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iná 220 ló ń wọ inú rẹ̀ tààrà, gbé e sílẹ̀, kí o wo èkejì. Tó bá jẹ́ ṣájà ìta ló ń lò, tí wọ́n kọ 12V sí i, bátìrì 12V yóò gbé e láìsí pé o gba ọ̀nà ìnfátà ilé kọjá. Wá bátìrì UPS, oní 7Ah. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpótí lo máa gbé e sí, kó lè dúró digbí.

Àwọn mọ́nítọ̀ ìgbà yẹn ń lo gíláàsì iná tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ojú wọn. Ìyẹn ló ń jẹ iná jù. Ìnfátà kékeré kan ń bẹ nínú rẹ̀ tó ń tan gíláàsì yẹn, fóltéèjì tó ń jáde níbẹ̀ lè lé ní 1000 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn. Má fọwọ́ kàn án nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Mẹ́kúrì díẹ̀ sì wà nínú gíláàsì náà. Bó bá fọ́, kó àwọn ọmọ jáde, ṣí fèrèsé sílẹ̀, fi páálí kó àfọ́kù rẹ̀, má fi ìgbálẹ̀ gbá a kiri inú ṣọ́ọ̀bù.

Fíúsì áḿpù márùn-ún, lórí wáyà pọ́sítíìfù, lẹ́bàá bátìrì gan-an. Mo rí àwọn ọmọṣẹ́ tó ń gbé fíúsì sídìí súwíìṣì lókè. Bí wáyà bá kanra láàárín bátìrì àti fíúsì, fíúsì ò ní mọ̀ sí i, pákó ni yóò gbiná. O ń fi pákó kan nǹkan tí ọmọ ẹlẹ́ni yóò gbé lé ẹsẹ̀, nítorí náà mi ò bá ẹ ṣeré lórí èyí.

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò. Méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lo ṣájà ìta, 12V. Mo fi mítà sí i: áḿpù 1.7. Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo fẹ́ lò láti máa gbé géèmù náà (akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan ló tà á fún mi lẹ́yìn tó parí iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀) kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ń lọ sí bí áḿpù méjì lórí 12V.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, bátìrì láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Mo ní ọ̀pọ̀ òkú rẹ̀, àwọn ọmọ inú rẹ̀ kan ṣì dára, wọ́n sì fúyẹ́ ju ti UPS lọ.

BàbáRédíò · Ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Mẹ́ta ni wàá tò léra kí o tó rí nǹkan bíi 12V. Wọ́n á dé 12.6 bí wọ́n bá kún, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí 9 bí wọ́n bá ń gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, mọ́nítọ̀ rẹ á ti máa ṣẹ́jú. Wọ́n tún fẹ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa mú wọn dọ́gba, àlòkù sì ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba. Ọmọ bátìrì tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju 2.5V lọ, má fún un níná mọ́, kó má lọ gbiná. Lo ti UPS.

Ohun kan tún kù. Nígbà tó bá ń gba iná, ó lè gòkè dé 14.4V. Ṣí mọ́nítọ̀, wo kàpásítọ̀ ẹnu ọ̀nà (èyí tó ń kọ́kọ́ gba iná tó wọlé): bí wọ́n bá kọ 16V sí i, etí bèbè lo wà. Má jẹ́ kí wọ́n tan géèmù nígbà tí ṣájà bá wà lára rẹ̀. Dá ihò sí ẹ̀yìn àpótí lókè, nítorí bátìrì bẹ́ẹ̀ lè tú afẹ́fẹ́ tó ń gbiná sílẹ̀ bí wọ́n bá fún un níná jù.

Àdùkẹ́Sákíìtì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:11 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdáwọ́lé. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ni tèmi. Mo ti ṣe èyí tó tóbi rí fún ètò kan, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́gbọ́n.

Bọ́tìnì kékeré máa ń wọlẹ̀ tààrà nítorí pé ìka ẹni tóbi tó o. Èyí tó tóbi, etí rẹ̀ ni ọmọ máa tẹ̀. Bí ẹ bá fi súwíìṣì kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀, á kàn fì sápá kan ni, súwíìṣì ò ní gbọ́. Fún A àti B, bọ́tìnì róbótó méjì apá ọ̀tún, ẹ fi súwíìṣì mẹ́ta mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀ bí ààrò, kí ẹ so wáyà wọn pọ̀, kó jẹ́ pé èyí tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nínú wọn ti tó. Súwíìṣì inú òkú DVD àti ti máòsì dára gan-an. Fóòmù àga àtijọ́ ni kí ẹ gé sáàárín wọn, òun ni yóò máa gbé bọ́tìnì padà sókè.

Bọ́tìnì oríta ló le jù. (Èmi ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ó rí bí oríta mẹ́rin.) Òfin rẹ̀ ni pé òsì àti ọ̀tún kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ pa pọ̀, géèmù mìíràn máa ń dàrú bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ọmọ irin róbótó inú bíárìn alùpùpù tó ti kú, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré fún un ní àárín, kí bọ́tìnì jókòó lé e lórí. Bí ẹ bá tẹ ọ̀tún, òsì á gòkè fúnra rẹ̀.

Gunpei Yokoi ló ṣẹ̀dá bọ́tìnì oríta. Ara Donkey Kong ti Game & Watch (ẹ̀rọ géèmù kékeré tí Nintendo ṣe ṣáájú Game Boy) ló ti kọ́kọ́ jáde, ní 1982, ẹ̀ka tí òun kan náà jẹ́ ọ̀gá fún ní Nintendo ló sì wá ṣe Game Boy. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kì í sáré lé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó ti wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, ló máa ń wá ìlò tuntun fún. Àwọ̀ mẹ́rin péré, láti orí ìmọ́lẹ̀ dé orí dúdú, ló wà lójú Game Boy, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń gbé aláwọ̀ mèremère jáde, bátìrì tiwọn sì ń tètè kú. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní Tákìe yìí, ọ̀nà rẹ̀ lẹ ń tọ̀.

Ẹ má so súwíìṣì mọ́ ẹsẹ̀ Pi tààrà bí ọwọ́ yín bá máa ń yá. 3.3V ni wọ́n ń gbà, bí 12V bá fara kàn wọ́n, Pi kú nìyẹn. Ẹ wá pádì géèmù USB tó ti bàjẹ́, ẹ yọ bọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ sọ́dà wáyà mọ́ ojú ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ ti ń kàn. Tó bá jó, pádì lẹ pàdánù.

Gbẹ́nàgbẹ́nàỌ̀yọ́ · Ọjọ́rú, 7:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Plywood lẹ máa lò, mo mọ̀, ó dára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo wo àwòrán Game Boy, mo rí i pé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀ rí róbótó ju àwọn igun yòókù lọ. Plywood kò ní tẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Igi ọ̀mọ̀ ni kí ẹ fi ṣe igun yẹn àti gbogbo bọ́tìnì. Igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù ni, ó fúyẹ́, ó sì ń gbọ́ràn sí ọ̀bẹ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fín in lọ́dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò sán. Mo ní àjákù rẹ̀ nílé níbí, a gbẹ́ ìyá ìlù kan lóṣù tó kọjá. Ẹ fi ìwọ̀n bọ́tìnì ránṣẹ́, màá gbẹ́ wọn, màá fi rán awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ owó.

ỌmọTákìe · Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀

Bàbá mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ń fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ báyìí.

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 10:26 alẹ́

Bọ́tìnì ti dé láti Ọ̀yọ́. Mo tú wọn nínú ìwé ìròyìn, òórùn igi tútù gba ṣọ́ọ̀bù. A àti B dán bí ìsàlẹ̀ igbá. Abẹ́ oríta ní kòtò kan tó gba ọmọ bíárìn láìní àlàfo tí irun lè gbà kọjá. Mo gbé e lé e, mo fi ìka kan tẹ ọ̀tún, òsì gòkè, ó ń dún kẹ́-kẹ́ bí ẹni ń ta ayò.

Àpótí ti dúró. Ìlà mẹ́fà tí ohùn ń gbà jáde, tí wọ́n dagun nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo fi ayùn là wọ́n, mo gbé sípíkà ilẹ̀kùn mọ́tò kan sẹ́yìn wọn. Bọ́ọ̀dù PAM8403 kékeré, oní 5V, ló ń gbé ohùn rẹ̀.

Wàhálà méjì ló kù. Àmì mànàmáná kan máa ń yọ lókè lápá ọ̀tún ojú rẹ̀, tó bá ti yọ, géèmù á máa fà bí ẹni tó ń sùn. Èkejì ni pé B ń tẹ ara rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án, ẹni inú géèmù á kàn máa fò sókè. Mo ti pààrọ̀ súwíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò dáwọ́ dúró.

Àdùkẹ́Sákíìtì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, Pi ló ń fi mànàmáná yẹn sọ pé ebi iná ń pa òun. Bí iná rẹ̀ bá ti wálẹ̀ ju 4.63V lọ ló máa ń gbé e jáde. Ẹ má wọn ọ́n níbi tí 12V ti ń di 5V, ara Pi gan-an ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ó jọ pé wáyà USB tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ lò.

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:15 alẹ́

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni lóòótọ́. 5.1 níbi tó ti ń jáde, 4.5 lára Pi. Mo ti gé e dà nù, mo fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀, ó ti di 5.0. Mànàmáná ti lọ. B ṣì ń fò.

BàbáRédíò · Ọjọ́ Àìkú, 5:50 àárọ̀

Ọmọ mi, níbo ni wáyà B gbà kọjá?

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Àìkú, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ni sà, lápá òkè, ibẹ̀ ló yá.

BàbáRédíò · Ọjọ́ Àìkú, 6:38 àárọ̀

Ẹ̀gbẹ́ ìnfátà gíláàsì lo gbé e gbà. Nǹkan yẹn ń kígbe ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí wa ni kò gbọ́ ọ. Wáyà gígùn tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dà bí eríà rédíò. Gbé e gba ìsàlẹ̀, lọ́ ọ pọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀ tirẹ̀ bí ìgbà tí a ń lọ́ okùn. Ṣe gbogbo wáyà bọ́tìnì yòókù bẹ́ẹ̀.

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Àìkú, 9:05 àárọ̀

Ó ti dákẹ́. Bàbá, ó ti dákẹ́ pátápátá. Mo jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú, B kò mira. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ajílété77 · Ọjọ́ Àìkú, 12:20 ọ̀sán

Géèmù wo lẹ máa wá gbá lórí rẹ̀? Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ jí ti ẹlòmíràn kó o.

Àdùkẹ́Sákíìtì · Ọjọ́ Àìkú, 2:00 ọ̀sán

Àwọn kan wà tí ẹni tó kọ wọ́n yọ̀ǹda fún gbogbo ayé, àwọn la ó kọ́kọ́ lò. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ti ń fi GB Studio (irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù Game Boy) ṣe ayò ọlọ́pọ́n fún un. Àlàyé rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ojú Game Boy pín sí igun kéékèèké, ogún ní ìbú, méjìdínlógún ní òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ píkísẹ́lì mẹ́jọ sí mẹ́jọ. Ilé ayò mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ilé kan bá gba igun mẹ́ta ní ìbú, mẹ́fà gba méjìdínlógún, ó wá ku ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òsì àti ní ọ̀tún fún etí ọpọ́n. Kò ṣẹ́kù, kò dín. Ọmọ ayò 48 ti wà nínú ilé wọn ní mẹ́rin mẹ́rin, a sì ti lè kó wọn, ká pín wọn. Jíjẹ ló kù tó ń kọ.

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Ẹtì, 9:47 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín kí n tó sùn.

Iná ìjọba lọ ní nǹkan bí aago méje. Mo gbé e jáde sí àgbàlá, mo tẹ́ ẹ lé orí tábìlì ẹlẹ́kọ tó ti pa iná ààrò rẹ̀. N ò tíì kùn ún, ara igi ló ṣì wà. Mo tan súwíìṣì òkè, iná pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ tàn, ojú náà wá mọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ bíi ti ìgbà náà lọ́hùn-ún, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan dúró bí bíríkì. Kí n tó yíjú padà, ọmọ mọ́kànlá ti yí mi ká.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, ọmọ ọdún méje kan sì há sí apá òsì rẹ̀ láàárín wọn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dé oríta, ọ̀tún rẹ̀ kò dé A. Ó ń na ara. Ọmọbìnrin kan tó ga jù ú lọ díẹ̀ wá jókòó sí apá ọ̀tún, kò bi ẹnikẹ́ni, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé A àti B. Èkínní ń wa ẹni inú géèmù, èkejì ń mú un fò. "Fò!" "Mo ti fò!" "O pẹ́!" Wọ́n ṣubú sínú ihò kan náà nígbà mẹ́fà. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ọmọkùnrin yẹn dákẹ́, ó kàn mí orí, ọmọbìnrin náà tẹ bọ́tìnì ìfò, wọ́n kọjá. Igbe tó sọ nínú àgbàlá yẹn, ìyá ẹlẹ́kọ sáré jáde láti inú ilé.

Láti ìgbà yẹn, méjì méjì ni wọ́n ń gbá a. Ẹnikẹ́ni ò tún dá jókòó sídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, bátìrì ti dé 11.2, mo pa á. Wọ́n ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, wọ́n ń to orúkọ ara wọn sílẹ̀ fún ọ̀la pẹ̀lú ẹfun lára ògiri.

Gbẹ́nàgbẹ́nàỌ̀yọ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 10:03 alẹ́

Omi ń bọ́ lójú mi níbi tí mo wà. Ṣé A àti B ò tíì sán?

ỌmọTákìe · Ọjọ́ Ẹtì, 10:06 alẹ́

Kò sán rárá sà. Epo ọwọ́ wọn ti ń mú un dán sí i.

BàbáRédíò · Ọjọ́ Ẹtì, 10:30 alẹ́

Má tíì fín in lọ́dà. Mo ń bọ̀ lọ́la, màá gbé bátìrì kejì dání.